Orí Kẹfà: Wíwá Èyí Tó Dára Jù Lọ Nínú Ìgbékalẹ̀ Ẹ̀rọ àti Nínú Àwòrán Inú Ara

1. Ohun tí orí yìí dá lé

Àwọn baba wa a máa sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ti bá ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mu, ó bá ara ènìyàn mu jù. Nítorí awọ bo ẹran, ẹran bo egungun, egungun agbárí sì bo ọpọlọ, àrùn a sì máa fara pamọ́ sábẹ́ gbogbo rẹ̀, níbi tí ojú oníṣègùn kò dé, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó, títí yóò fi di ohun tí apá kò ká mọ́. Láti ayébáyé ni àwọn tí ń wo ènìyàn sàn ti ń fọwọ́ tẹ ara, tí wọ́n ń fetí sí èémí, tí wọ́n sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn, kí wọ́n tó lè fi ọgbọ́n orí mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú; ṣùgbọ́n láàárín àádóje ọdún ó lé díẹ̀ sí àkókò tí a wà yìí, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ìṣirò ti gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì ti la fèrèsé sí ara alààyè láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Ìwádìí oríṣi méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́ni ní iyàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní yunifásítì. Èkíní ni ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé, tí ń wá ìgbékalẹ̀ tó dára jù lọ fún ohun tí wọ́n fẹ́ rọ; èkejì ni ti àwọn tí ń ya àwòrán inú ara kí oníṣègùn lè fi dá àrùn mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ṣinṣin ni pé ìṣirò kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì, àti pé kò sí ohun tí a lè pè ní èyí tó dára jù lọ, àfi bí a bá kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó dára fún, iṣẹ́ tí yóò ṣe, àti ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá.

2. Ohun mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ ṣaláìsí

Ẹ jẹ́ kí a wo télọ̀ tí a gbé yáàdì aṣọ mẹ́wàá lé lọ́wọ́, pé kí ó gé agbádá, bùbá àti ṣòkòtò jáde nínú rẹ̀. Kò lè fa aṣọ náà gùn ju bí ó ti rí lọ: èyí ni *ààlà* rẹ̀. Ó lè tẹ́ ẹ bí ó bá ti wù ú, ó lè kọ́kọ́ gé apá tàbí kí ó kọ́kọ́ gé ẹsẹ̀, ó lè yí ọrùn sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀: ìwọ̀nyí ni *ohun àyípadà*. Bí ó bá sì gé e tán, a ó wo èérún tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀, nítorí bí èérún bá ti kéré tó ni a ó ṣe yìn ín tó: èyí ni *òṣùwọ̀n*.

Ààlà, ohun àyípadà àti òṣùwọ̀n: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí ni ààrò tí ó gbé gbogbo ìwádìí yìí dúró. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ afárá yóò ka nínípọn irin àti ibi tí òpó yóò dúró sí mọ́ ohun àyípadà; ẹrù tí afárá gbọ́dọ̀ lè gbé láìwó yóò jẹ́ ààlà rẹ̀; owó tàbí ìwúwo irin yóò sì jẹ́ òṣùwọ̀n tí ó ń fẹ́ kí ó kéré. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun ti rí ìgbékalẹ̀ tó dára jù, tí kò sì sọ òṣùwọ̀n tí ó fi wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì kún ojú ìwọ̀n.

Àwọn òṣùwọ̀n mìíràn tún wà tí wọn kì í fẹ́ gbé pọ̀. Bí irin bá nípọn sí i, afárá yóò lágbára sí i, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yóò ga. Bí a bá dín irin kù, owó yóò rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yóò máa bà wá. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ìṣirò kò lè fún wa ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ohun tí yóò fún wa ni ọ̀wọ́ àwọn ìgbékalẹ̀ tí ó jẹ́ pé a kò lè mú ọ̀kan nínú wọn sàn sí i ní ìhà kan láìjẹ́ pé ó burú sí i ní ìhà kejì. Ènìyàn ni yóò wá fi làákàyè yan ọ̀kan nínú wọn.

3. Láti Würzburg dé Wimbledon

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm Conrad Röntgen ṣàkíyèsí ìtànṣán kan tí ń la ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tí egungun ìka àti òrùka tó wà lórí rẹ̀ hàn kedere. Ní ọdún 1901 ni wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì. Ṣùgbọ́n àwòrán ìtànṣán yìí, tí à ń pè ní X-ray, ní àbùkù kan: òjìji ni. Gbogbo ohun tí ìtànṣán bá là kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn ni ó ń dà pọ̀ lé ara wọn lórí ojú kan ṣoṣo, débi pé kókó kékeré tó wà nínú ọpọlọ a máa ṣègbé sínú òjìji agbárí.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú ìwé onímọ̀ ìṣirò kan láti ọdún 1917. Johann Radon, ọmọ ilẹ̀ Austria, fi hàn pé bí a bá mọ àròpọ̀ ohun tó wà lójú gbogbo ìlà tí a lè fà gba inú nǹkan kọjá, a lè ṣe ìṣirò padà kí a sì mọ ohun tó wà ní ojú kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ní ọdún 1956, Allan Cormack, olùkọ́ físíìsì tí wọ́n bí ní Johannesburg, ń ṣe àbójútó ìlò ìtànṣán ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó mọ bí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìtànṣán mu tó. Ó jókòó ti ìṣirò náà fúnra rẹ̀ láìmọ̀ pé Radon ti ṣe é ṣáájú, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1963 àti 1964. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kà á sí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Godfrey Hounsfield, ọmọ àgbẹ̀ láti Nottinghamshire, ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ rédà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú, tí ó sì ti ṣíwájú àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ EMI, bẹ̀rẹ̀ sí í ro irú èrò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1967, láìgbọ́ nípa Cormack. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó gbé kalẹ̀ lo ìtànṣán gámà tí kò lágbára, nítorí náà ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ó fi ka nǹkan bí 28,000 òǹkà fún àwòrán kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà sì tún gba wákàtí méjì ààbọ̀ láti fi ṣe ìṣirò wọn. Ó yí orísun ìtànṣán padà sí ti X-ray, ọjọ́ mẹ́sàn-án sì di wákàtí mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, òun àti Dókítà James Ambrose fi ẹ̀rọ tuntun náà wo orí aláìsàn àkọ́kọ́, ìwòran kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ̀rọ CT dáyé nìyẹn. Ní ọdún 1979, Cormack àti Hounsfield jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ti di ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í ṣe pé wọ́n rí òfin tuntun kan nínú ìṣẹ̀dá. Àwọn ohun àyípadà ni wọ́n ń tún tò, ìyẹn agbára orísun ìtànṣán, iye igun tí ẹ̀rọ yóò ti wò ó, àti iye òǹkà ní igun kọ̀ọ̀kan, títí iṣẹ́ fi wọ inú ààlà tí kò ṣeé yẹ̀, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àkókò tí aláìsàn lè fi dúró láìmira.

4. Àpẹẹrẹ ìṣirò: àpótí mẹ́rin

Ká sọ pé ara tí a fẹ́ wò kò ju àpótí mẹ́rin lọ, a àti b lókè, d àti e nísàlẹ̀, a kò sì lè wo inú ọ̀kankan nínú wọn. A ta ìtànṣán gba òkè kọjá, àròpọ̀ a àti b jẹ́ 8. A ta á gba ìsàlẹ̀, àròpọ̀ d àti e jẹ́ 5. A tún ta á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: àròpọ̀ a àti d jẹ́ 7, ti b àti e sì jẹ́ 6.

Òǹkà mẹ́rin fún àpótí mẹ́rin, ẹni tó bá yára yóò ní ó ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò: bí a bá jẹ́ 3, b 5, d 4, e 1, gbogbo òǹkà náà pé, bí a bá sì jẹ́ 2, b 6, d 5, e 0, gbogbo wọn tún pé. Ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fún wa ní òjìji kan náà, oníṣègùn kò sì lè mọ èyí tí í ṣe ti aláìsàn rẹ̀. A ní láti wò ó láti igun mìíràn. Bí a bá ta ìtànṣán ní ìdábùú, tí a sì rí i pé àròpọ̀ a àti e jẹ́ 4, ọ̀nà ti là:

a + d = 7, a + e = 4; nítorí náà 2a + (d + e) = 11.
Ṣùgbọ́n d + e = 5; nítorí náà 2a = 6, a = 3.
Lẹ́yìn èyí, b = 5, d = 4, e = 1.

Ẹ̀rọ ọdún 1971 pín orí aláìsàn sí àpótí 80 ní ìbú àti 80 ní òró, èyí tí ó jẹ́ 6,400. Láti igun 180 ni ó sì ti wò ó, pẹ̀lú òǹkà 160 ní igun kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 28,800. Kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ yanjú irú èyí. Ọ̀nà tí Stefan Kaczmarz, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Póláńdì, ti là sílẹ̀ ní ọdún 1937 ni a lè fi ṣe é: a ó kọ́kọ́ méfò ohun tó wà nínú àpótí gbogbo, a ó fi ìméfò náà wé òǹkà kan, a ó pín àṣìṣe tí a bá rí fún àwọn àpótí tó wà lójú ìlà náà, a ó sì bọ́ sórí òǹkà tó kàn, títí àṣìṣe yóò fi dín kù dé ibi tí a ń fẹ́. Àṣìṣe yìí ni òṣùwọ̀n. Ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ni ohun àyípadà. Ààlà sì ni pé kò sí ẹ̀yà ara tí ó lè gba ìtànṣán mu kí iye rẹ̀ kéré ju òdo lọ. Ọ̀rọ̀ afárá àti ọ̀rọ̀ ọpọlọ ti pàdé lójú títì kan náà.

5. Ìtànṣán àti mímọ́ àwòrán

Ìtànṣán X tí ń fi àrùn hàn wá náà lè ba ara jẹ́ bí ó bá pọ̀ jù, nítorí àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ìwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ìpalára rẹ̀ ni millisievert, tí a ń kọ ní mSv. X-ray àyà kan jẹ́ nǹkan bí 0.1 mSv, CT àyà sábà máa ń tó 6 tàbí 7 mSv, ìtànṣán tí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run ń rọ̀ lé ènìyàn lórí láàárín ọdún kan sì jẹ́ nǹkan bí 2.4 mSv, bí a bá pín in dọ́gba káríayé.

Ìdí tí a kò fi lè kàn dín ìtànṣán kù bí ó ti wù wá nìyí. Wóró wóró ni ìtànṣán ń dé bí òjò, bí èyí tó dé bá sì kéré, àwòrán yóò kún fún wúruwùru tí yóò bo kókó kékeré mọ́lẹ̀. Òfin ìṣẹ̀dá sọ pé bí a bá fẹ́ kí wúruwùru náà dín sí ìdajì, àfi kí a sọ ìtànṣán di ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá sì fẹ́ kí ó dín sí ìdá mẹ́rin, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni. Òṣùwọ̀n méjì ń bá ara wọn jà níhìn-ín: mímọ́ àwòrán àti àlàáfíà aláìsàn. Àdéhùn tí àwọn oníṣẹ́ ìtànṣán káàkiri ayé bá ara wọn ṣe ni pé kí ìtànṣán kéré débi tí ó bá lè kéré dé, níwọ̀n ìgbà tí àwòrán bá ṣì lè dáhùn ìbéèrè oníṣègùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe àwòrán tó dán jù ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe àwòrán tó tó.

Láti inú àdéhùn yìí ni ìwádìí púpọ̀ ti jáde. Àwọn kan ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán púpọ̀ sí ibi tí ara ti nípọn, tí ó sì ń dín in kù níbi tí ara ti fẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn padà sídìí ìṣirò. Lẹ́yìn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ Hounsfield, ilé ìwòsàn ti fi ọ̀nà àméfò-àtúnṣe, irú èyí tí Kaczmarz là sílẹ̀, sílẹ̀ fún ọ̀nà mìíràn tó yá ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti lágbára, wọ́n tún mú un bọ̀, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n kejì kún un, pé yàtọ̀ sí pé kí àwòrán bá òǹkà mu, kí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn má ṣe máa ta kora láìnídìí. Òṣùwọ̀n kejì yìí ni ó ń gbá wúruwùru dànù, tí ìwọ̀nba ìtànṣán fi ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìbọn ṣeré: bí a bá fún òṣùwọ̀n kejì ní agbára jù, yóò gbá kókó kékeré pẹ̀lú wúruwùru lọ, àwòrán yóò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n yóò purọ́.

6. Òòfà Mbarara

Ẹ̀rọ MRI kì í lo ìtànṣán X rárá. Òòfà ńlá ni ó fi ń mú háídírójìn tó wà nínú omi ara wá sójú kan, kí ó tó fi ìgbì rédíò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2003 ni Paul Lauterbur àti Peter Mansfield gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Agbára òòfà tó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn jẹ́ 1.5 tesla. Òòfà bẹ́ẹ̀ wúwo ní ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù, inú helium olómi, tó tutù tó nǹkan bí 269 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni ó sì ń gbé. Ìnáwó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, iná mànàmáná tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sì tún wà níbẹ̀.

Àwọn oníṣègùn tí Godwin Ogbole ti Ìbàdàn ṣíwájú wọn ka iye ẹ̀rọ MRI tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018: 84 péré ni wọ́n rí fún ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn sì wà ní Nàìjíríà. Ọ̀ràn yìí kan ìlà-oòrùn Áfíríkà náà. Ní Uganda, àwọn ọmọ ọwọ́ púpọ̀ ni omi ń kún inú ọpọlọ wọn, tí orí wọn ń wú. Oníṣẹ́ abẹ ní láti rí ibi tí omi náà wà kí ó tó ṣe iṣẹ́, yóò sì tún wò ó lẹ́yìn iṣẹ́ léraléra, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán CT kò sì dára kí ó máa wọ ara ọmọ tuntun nígbà gbogbo.

Àwọn onímọ̀ láti Leiden àti Delft ní Netherlands, láti yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, àti láti yunifásítì Mbarara ní Uganda wá fi orí korí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn kì í ṣe bí wọn yóò ṣe rí òòfà 1.5 tesla lówó pọ́ọ́kú, bí kò ṣe ohun tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ní láti rí gan-an. Omi yàtọ̀ sí ọpọlọ gedegbe nínú àwòrán MRI. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ààlà àwọn méjèèjì kò nílò kí àwòrán rẹ̀ mọ́ bíi ti ẹni tó ń wá kókó tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n gbà láti lo òòfà 50 mílítesla, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgbọ̀n ti ilé ìwòsàn ńlá.

Wọ́n mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé òòfà kéékèèké, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 12, wọ́n sì tò wọ́n yí ọ̀pọ̀ òrùka tó tẹ̀ léra wọn ká lọ́nà tí a fi sọ orí Klaus Halbach, tí ìdojúkọ ègé kọ̀ọ̀kan ń yí díẹ̀díẹ̀, débi pé agbára wọn parapọ̀ sínú òrùka, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ lóde. Kò sí helium, kò sí iná tí òòfà náà ń jẹ, ìwúwo rẹ̀ kò sì tó 100 kìlógíráàmù. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù: agbára òòfà gbọ́dọ̀ dọ́gba níbi gbogbo tí orí ọmọ bá wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó máa ń rẹ̀ sílẹ̀ ní etí méjèèjì. Ohun àyípadà wọn ni fífẹ̀ òrùka kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n ni àìdọ́gba agbára, kí ó kéré jù. Ààlà ni pé orí gbọ́dọ̀ wọlé, kí ègé òòfà má sì fara gbún ara wọn.

Ká sọ pé òrùka 10 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba fífẹ̀ oríṣi 10. Ìgbékalẹ̀ tó ṣeé ṣe jẹ́ bílíọ̀nù 10. Bí kọ̀ǹpútà bá ń yẹ ọ̀kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò lò ju 300 ọdún lọ, òrùka tí wọ́n lò sì ju 10 lọ. Nítorí náà wọ́n lo ọ̀nà tí John Holland ti Michigan gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1975, èyí tí a lè pè ní ọ̀nà àjogúnbá. A ó kọ́kọ́ mú ìgbékalẹ̀ bí mélòó kan láìṣà. A ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó pa àwọn tó dára mọ́, a ó sì da ìyókù nù. A ó wá pa àwọn tó kù pọ̀ ní méjì méjì, kí ọmọ wọn jogún òrùka kan lára baba àti òmíràn lára ìyá. A ó sì máa yí òrùka kan padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ohun tuntun lè wọ inú ìdílé. Bí ìran ti ń tẹ̀ lé ìran, àìdọ́gba yóò máa dín kù. Ọ̀nà yìí kò ṣèlérí pé òun yóò rí èyí tó dára jù nínú gbogbo ìgbékalẹ̀ tó ṣeé ṣe. Ó ń rí èyí tó dára tó láàárín àkókò tí a ní.

Ní ọdún 2022, wọ́n kó àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà dé Mbarara, níbi tí Johnes Obungoloch, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ yunifásítì Mbarara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì tò ó pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ onílẹ̀, kí ẹni tí yóò máa lò ó lè mọ bí yóò ṣe tún un ṣe. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti òòfà ńlá, ó sì gbọ́dọ̀ tún òǹkà rẹ̀ kà léraléra, nítorí òfin ìpín karùn-ún ṣì ń ṣiṣẹ́: kíkà lẹ́ẹ̀mẹrin ní í sọ mímọ́ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

7. Àkótán

Ìṣirò kì í yan òṣùwọ̀n fún ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò wá ohun tí a bá rán an, kò sì ní béèrè bóyá ohun tó yẹ ni a rán an. Bí a bá sọ fún un pé àwòrán tó dán ni a fẹ́, yóò fún wa ní èyí tó dán, ìbáà jẹ́ pé ó ti pa àrùn rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá ní agbára òòfà ni a fẹ́, yóò gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tí ìlú tí a ń ṣe é fún kò lè rà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó di onímọ̀ ẹ̀rọ lọ́la, ẹ máa lọ bá oníṣègùn, nọ́ọ̀sì àti ìyá ọmọ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òṣùwọ̀n tí a kò gbọ́ lẹ́nu ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ kò lè bí ẹ̀rọ tí yóò wúlò fún un.

Ìdánrawò

1. Nínú àpótí mẹ́rin, a + b = 10, d + e = 6, a + d = 9, b + e = 7. Fi hàn pé ìdáhùn tó ṣeé ṣe ju ẹyọ kan lọ. Bí a + e bá jẹ́ 7, wá ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan.

2. Bí a bá fẹ́ kí wúruwùru inú àwòrán CT dín sí ìdá mẹ́ta, ìlọ́po mélòó ni ìtànṣán yóò jẹ́? Ṣé ìwọ yóò gbà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì? Sọ ìdí rẹ.

3. Òòfà kan ní òrùka 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gba fífẹ̀ oríṣi 8. Ìgbékalẹ̀ mélòó ló ṣeé ṣe? Ṣé ó yẹ kí a lo ọ̀nà àjogúnbá níbẹ̀, tàbí kí a kàn yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan?

4. Dárúkọ ààlà, ohun àyípadà àti òṣùwọ̀n fún táǹkì omi tí a fẹ́ gbé sórí òpó irin.

5. Wọ́n fún ilé ìwòsàn ìlú rẹ lówó tí ó lè ra ẹ̀rọ CT kan tàbí ẹ̀rọ MRI kékeré méjì. Kọ ìbéèrè márùn-ún tí ìwọ yóò bi àwọn oníṣègùn ibẹ̀ kí o tó dámọ̀ràn èyí tí wọn yóò rà, kí o sì sọ bí ìdáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe yí òṣùwọ̀n rẹ padà.